Agolo Omi Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ọmọ mi obìnrin ló ní òun fẹ́ máa sin adìẹ sẹ́yìn ilé. Dàda Estate ni ilé rẹ̀ wà, ní Òṣogbo níbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti ń fara rọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Káfíńtà wá, ó kan ilé adìẹ kan tó ní fèrèsé wáyà níwájú àti lẹ́yìn. Mo sọ fún un pé bí mo bá kéré ju báyìí lọ díẹ̀, èmi gan-an ì bá kó ẹrù mi wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni púlọ́ńbà dé láti Òkè-Fìà. Ó gbé táǹkì dúdú kékeré kan lé orí búlọ́ọ̀kù, ó fa páìpù funfun láti ìdí rẹ̀ wọ inú ilé adìẹ, ó sì de àwọn irin wẹ́wẹ́ kan mọ́ abẹ́ páìpù náà. Nípù ni wọ́n ń pè é. Adìẹ á na ọrùn, á fi ṣóńṣó ẹnu ta á, omi á kán sí i lẹ́nu. Bó bá ti gbé ẹnu kúrò, omi á dúró. Kò sí abọ́ tí wọn yóò dà nù, kò sí èyí tí wọn yóò yàgbẹ́ sí. Mo jókòó sórí àga mi lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń wò ó bí ẹni ń wo idán.

Nígbà tó ṣí omi sílẹ̀ láti fi dán an wò, ọ̀kan nínú àwọn irin náà kò dé dáadáa. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu rẹ̀. Tó. Tó. Tó. A kò tíì kó adìẹ kankan síbẹ̀. Ilé òfìfo ni, òórùn pákó tuntun kún inú rẹ̀, omi sì ń kán bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. 

Ọmọ mi yíjú sí mi. “Màámi, ṣé kò sí o? Ojú yín yí padà.”

Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa. Nǹkan wà, ohun tó wà náà ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nítorí àwọn tó ṣojú wọn ti ń tán nílẹ̀.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, nínú agboolé kan tí ògiri rẹ̀ pupa, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà débi pé bí oòrùn ọ̀sán bá kàn án, a dà bí ẹni pé iná ń jó lórí ilé. Igi obì méjì wà lẹ́yìnkùlé, ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wá. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi oúnjẹ kan ẹnu, a ó kọrin, a ó ka Bíbélì, a ó gbàdúrà ní pálọ̀, ebi a sì máa kọrin tirẹ̀ nínú wa. Yèyé ni àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń pe ìyá wa. Títí di òní, bí mo bá sọ pé mo ń lọ sí “ulé” dípò ilé, àwọn ọmọ ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rín in.

Òṣómàáló ni bàbá wa. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ lọ tà láwìn ní ìlú òkèèrè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tí wọn a tún padà lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó rajà títí onítọ̀hún yóò fi san. Àwọn ènìyàn kì í yé sọ̀rọ̀ wọn láìdáa nígbà náà. Ṣùgbọ́n oníwà pẹ̀lẹ́ ni bàbá wa. Yèyé máa ń sọ pé bó bá lóṣòó tán sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, òun ni yóò tún máa bẹ onílé pé kó má bínú. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi ọwọ́ òsì pa irùngbọ̀n bó bá ń ronú, ó sì fẹ́ràn kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tuntun tó bá rí lọ́nà ìrìn àjò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ́kàn mi báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ṣì ń rí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó kó adìẹ òyìnbó bọ̀ láti ìrìn àjò, funfun bí òwú, tí wọn kò mọ bí a ṣe ń jẹ̀ káàkiri. Àwọn adìẹ ìbílẹ̀ wa a máa wá omi fúnra wọn nínú ọ̀gbàrá àti lábẹ́ àmù, àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ ju kí wọ́n dúró sójú kan kí wọ́n la ẹnu lọ. Bàbá mọ ilé alámọ̀ kékeré kan fún wọn lẹ́bàá ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àfọ́kù ìkòkò ni Yèyé fi ń bu omi fún wọn. Kí a tó ṣe àmín àdúrà àárọ̀, wọ́n ti wọ inú rẹ̀, wọ́n ti fọ ẹsẹ̀, wọ́n ti yàgbẹ́ sí i, wọ́n sì ti da èyí tó kù nù. Ilẹ̀ ilé adìẹ a rin gbingbin, òórùn rẹ̀ a sì bá wa dé ìdí oúnjẹ.

Bàbá wá jókòó sí àgbàlá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agolo òróró ńlá tó ti ṣófo, ìṣó àti òkúta. Èmi àti Adéọlá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ó fi ìṣó lu ihò kan sí ara agolo náà nítòsí ẹnu rẹ̀. Ó pọn omi kún un, ó fi abọ́ tánganran bo ẹnu rẹ̀, ó di méjèèjì mú, ó sì yí wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí agolo fi dojú délẹ̀ sínú abọ́. Adéọlá ké pé omi á dà nù. Kò dà nù. Ó jáde díẹ̀, ó yí inú abọ́ ká, ó bo ihò náà mọ́lẹ̀, ó sì dúró. Bàbá fi ọwọ́ gbọ́n díẹ̀ kúrò nínú abọ́. Inú agolo dún gbúlú, omi mìíràn jáde, òun náà tún dúró.

“Bàbá, kí ló dì í mú?” mo béèrè.

“Afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọlé, omi ò lè jáde. Adìẹ á mu díẹ̀, ihò á là, afẹ́fẹ́ á wọlé, omi á sì jáde rọ́pò èyí tó mu.”

Ó to bíríkì sí abẹ́ abọ́ náà títí ó fi ga tó ẹ̀yìn adìẹ, kí wọ́n má baà máa tan ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Ó rí i pé ó tẹ́jú, nítorí bí abọ́ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi á máa ṣàn lọ láìdúró. Ó kọ́ Yèyé bí yóò ṣe máa fi eérú àti kànìnkànìn fọ inú agolo, nítorí ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń hù níbẹ̀ a máa fi inú rírun pa adìẹ, àti bí yóò ṣe máa fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ la ihò bí ìyẹ́ bá dí i. Yèyé gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Gbogbo àdúgbò ló wá wo agolo náà.

Bí òjò ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, Bàbá di aṣọ rẹ̀, ó tún múra ìrìn àjò. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Jóṣúà, ni wọ́n jọ máa ń lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kígbe lójú títì nígbà tó yà sẹ́yìnkùlé lọ wo adìẹ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Yèyé wà níbẹ̀, ó ń bomi.

“Yèyé Adéọlá,” ó ní, “má jẹ́ kí omi adìẹ mi gbẹ o. N ó ti dé kó tó di Kérésì.”

“Ẹ sáà tètè máa bọ̀,” Yèyé dáhùn. “Omi ò ní gbẹ.”

Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Kérésì dé. Àwọn òṣómàáló mìíràn ti ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú bàtà tuntun àti ìtàn tuntun. Bàbá Jóṣúà náà dé. Ó gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn òde. Nígbà tó rí ojú Yèyé, ẹ̀rín náà kú. Ó ní àwọn pínyà ní gáréèjì kan lẹ́yìn odò Ọya, kí oníkálukú lọ tajà ní apá tirẹ̀, kí àwọn sì tún pàdé níbẹ̀. Ó dúró títí, kò rí i, ó rò pé ó ti ṣáájú òun wálé ni. Ó jókòó sí pálọ̀ wa láìmu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó ṣèlérí pé bí ọdún bá ti yí, òun yóò padà lọ wá a.

Nínú oṣù ọyẹ́ náà, àrùn lúkúlúkú wọ àdúgbò. Ẹni tó ti sin adìẹ rí mọ̀ ọ́n: wọn á ká ìyẹ́ gbá ara mọ́ra, ọrùn wọn á lọ́, wọn á máa yí bí òkòtó. Yèyé gún ewúro sínú omi wọn. Ó pọn omi tuntun láàárọ̀, ó pọn ọ̀tun lọ́sàn-án. Wọ́n kú tán. A sin wọ́n sí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, Yèyé sì gbá ilé adìẹ náà mọ́ tónítóní.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi eérú fọ agolo náà, ó pọn omi kún un, ó yí i padà sínú abọ́, ó sì gbé e lọ sínú ilé adìẹ tí kò sí adìẹ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe le tó, nígbà tí kànga agboolé ti ń fún wa ní ẹrẹ̀, tí a sì ń rìn jìnnà kí a tó rí omi mímu.

Kì í ṣe pé ó ń bomi ló bà mí lẹ́rù. Bí omi náà ṣe ń dín kù ni. Bó bá pọn omi kún un láàárọ̀, kì í kún mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kan, mo lọ já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan, oòrùn kò tíì yọ. Mo gbọ́ ọ nínú ilé adìẹ náà: gbúlú. Mo dúró gbọn-in. Ó tún dún. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Kò sí aláǹgbá, kò sí eku, kò sí ẹyẹ. Omi inú abọ́ ń mì, bí omi ṣe ń mì bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹnu kúrò nínú rẹ̀.

Mo sáré lọ bá Yèyé níbi tó ti ń dáná. “Yèyé, omi ń dún níbẹ̀.”

Kò wo ojú mi. Ó fẹ́ iná. “Jẹ́ kó mu,” ó ní.

Adéọlá kò tilẹ̀ bẹ̀rù. Ó ní Bàbá ni. Ó máa ń fi iṣu sísun tirẹ̀ síbẹ̀ fún un, bí eku bá sì jẹ ẹ́, a máa kà á sí pé Bàbá ti jẹun. Èmi ò lè kọjá níbẹ̀ mọ́ láìkọrin ìsìn. Gbogbo orin tí mo mọ̀ lónìí, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo ti há ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sórí.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí etí àwọn ará ilé bàbá wa. Wọ́n ní orí Yèyé ti ń dà rú. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ó ní òun fẹ́ wó ilé adìẹ náà, kí Yèyé sì kó àwa ọmọ wá sí ọ̀dọ̀ àwọn kí nǹkan tó bàjẹ́ ju báyìí lọ. Ènìyàn rere ni, kò wá jà. Yèyé kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ.

“Bàbá Àgbà, ilé àbúrò yín ni. Bí ẹ bá fẹ́ wó o, ẹ wó o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu yín sọ fún mi pé ó ti kú.”

“Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ sọ ọ́, sà. Ta ló rí i? Ta ló sin ín? Ẹ sọ ọ́, n ó sì fún yín láyè.”

Ọkùnrin náà la ẹnu.  Ó sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Yèyé jókòó tì í. Kò sunkún. Kò tíì sunkún láti ìgbà tí Kérésì ti kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Bàbá Àgbà dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú garawa omi, wọ́n ní Bàbá Àgbà ní kí àwọn máa bá Yèyé pọnmi.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń já nígbà tí Bàbá Jóṣúà padà dé. Ó ti rù. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni láti òde lọ́tẹ̀ yìí. Yèyé na àga sí i, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwa ọmọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó sọ ọ́ tààrà. Ibà ló kọlu Bàbá ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn odò Ọya, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ó wọ ilé kan tó kọ́kọ́ rí, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀. Obìnrin opó kan ló ni ilé náà. Kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹní fún un, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Àwọn ará ìlú sin ín. Bàbá Jóṣúà ti fojú ara rẹ̀ rí sàréè náà.

Òjò ń ró lórí páànù. 

“Ṣé ó rí omi mu?” Yèyé béèrè.

“Ẹ̀n?”

“Ibà a máa gbẹ èèyàn lọ́fun. Mo ní ṣé ó rí omi mu?”

Bàbá Jóṣúà bo ojú rẹ̀. “Ó rí i mu, Yèyé Adéọlá. Obìnrin yẹn fi han mí. Ó gbé igbá kékeré kan, ó ń fi bó ṣe ń gbé e sí i lẹ́nu hàn mí. Ó júwe pé gbogbo ìgbà tó bá ti béèrè ni.”

Ìgbà náà ni Yèyé ké. Igbe tó ti ń dúró láti ìgbà Kérésì ló jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, agboolé sì dà jáde. Nígbà tí òjò dá, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé agolo náà jáde, ó da omi rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn ìrántí, ó fi í fún aládùúgbò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òròmọdìẹ. Kí ọdún tó yí, a kó wá sí Òṣogbo, ó gba ìsọ̀ kékeré ní Ọjà Ọba, ó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló sì ti tọ́ wa di ènìyàn. Kò sin adìẹ mọ́ títí tó fi kú.

Mo di olùkọ́, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Mo mọ̀ pé bí oòrùn bá kan irú agolo bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á sì ti omi jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni mu ún. Mo máa ń yà á sójú pátákó fún wọn. Adéọlá máa ń gbọ́ àlàyé yìí, a sì máa bi mí léèrè pé oòrùn wo ló wà láàárọ̀ ọyẹ́ ọjọ́ náà. 

Nígbà tí ọ̀nà dára díẹ̀, tí àwọn ọmọ wa sì ti dàgbà, èmi àti Adéọlá ní kí a lọ wá ìlú náà. Bàbá Jóṣúà ti júwe rẹ̀ fún wa kí ó tó kú. Ibi tí bàbá wa lo ọjọ́ púpọ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí a fi débẹ̀. Obìnrin opó náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti di arúgbó bíi tiwa, ló jáde sí wa, aládùúgbò rẹ̀ kan tó gbọ́ Yorùbá sì ń túmọ̀. A kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi dìde, ó di ọwọ́ wa mú, ó sì mú wa lọ sẹ́yìn ilé.

Sàréè náà wà lábẹ́ igi kan. Koríko kò sí lórí rẹ̀. Wọ́n ti to òkúta yí i ká, ẹnìkan sì ti gbá ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ipa ìgbálẹ̀ ṣì hàn. Obìnrin náà ní ìyá òun ti kìlọ̀ fún àwọn pé kí wọ́n má jẹ́ kó di igbó, nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀. Ó ní àwọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó wá wò ó nígbà náà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé lòun, ìyá òun kò sì lè pè é. Àlejò Aláṣọ ni gbogbo ilé ń pè é.

“Kí lorúkọ rẹ̀?” ó béèrè.

“Gbádébọ̀,” Adéọlá sọ.

Ó gbìyànjú rẹ̀, kò bọ́ sí i. A tún un sọ fún un. Ó pe àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde nínú ilé, ó tò wọ́n yí sàréè náà ká, ó sì ń kọ́ wọn, títí gbogbo wọn fi lè pè é.

Ní òde òní, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ẹnìkan bá pẹ́ díẹ̀ ní Ọjà Ọba, ẹ ti ń pè é láti mọ ibi tó dé. Mo yọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń sọnù lọ́nà, ilé sì ṣì wà tí wọ́n ti ń retí wọn. Mo mọ̀ pé níbì kan lónìí, ẹnìkan ń tu koríko lórí sàréè ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.